Àbúrò mi fẹ́ kó gbogbo owó tó fi pamọ́ sínú forex: ṣé tẹ́tẹ́ ni àbí òwò?

Àjọkẹ́_Aránṣọ
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ ìdáhùn kó tó di ọjọ́ Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni ẹbí máa jókòó lé e lórí.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ti fi ọdún mẹ́rin tọ́jú 3,000 dọ́là. Ó ní gbogbo ẹ̀ lòun máa kó sínú forex, ìyẹn fífi owó orílẹ̀-èdè kan ra ti òmíràn lórí ayélujára, òun á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí oṣù bá parí. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń fi demo ṣe é, ìyẹn àkáǹtì tí owó inú ẹ̀ kì í ṣe owó gidi. Ó ní òun ti sọ 10,000 di 41,000 níbẹ̀. Ó fi hàn mí lórí fóònù: ìlà aláwọ̀ ewé, ìlà pupa, nọ́ńbà tó ń sáré. Mò ń mi orí ni, mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Bàbá wa ní tẹ́tẹ́ ni, àti pé kò sí ọmọ òun tó máa ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní jìbìtì ni, pé kò sí ẹni tó ń ṣe é tí kì í ṣe olè. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó mú un wọ ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp ní òwò ni bí òwò yòókù, ẹni tí kò bá ṣe é lásìkò yìí ló ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà? Kí sì ni mo lè sọ fún un tí kò fi ní rò pé mò ń jowú òun?

BàbáOlùkọ́_TóFẹ̀yìntì
Ọmọ mi, bàbá yín ti sọ òótọ́. Ẹni tó bá jókòó tó ń wo nọ́ńbà bóyá á gòkè bóyá á sọ̀ kalẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá òun máa jẹun, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Wọ́n kàn wọ kóòtù fún un ni.

Aṣírò_Owó
Ẹ kú àgbà, sà. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n jiyàn lórí ìdajì tó kù.

Pípààrọ̀ owó fúnra ẹ̀ kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó fẹ́ ra ẹ̀rọ láti Jámánì gbọ́dọ̀ wá yúrò. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń kàwé lókè òkun ń ṣe pàṣípààrọ̀, bí kò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bank for International Settlements ka ọjà yìí ní oṣù kẹrin ọdún 2022, tírílíọ̀nù 7.5 dọ́là ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ kan ṣoṣo, dọ́là Amẹ́ríkà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 ìdúnàádúrà yẹn. Iye owó náà kò sì fìgbà gbogbo máa fò bó ṣe ń fò lónìí. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1971 tí Ààrẹ Nixon já dọ́là kúrò lára wúrà, àdéhùn ló so àwọn owó ńlá mọ́ra wọn. Nígbà tó fi máa di 1973, okùn yẹn ti já, oníkálukú ń léfòó.

Ibi tí Bàbá ti jàre rèé. Àbúrò Àjọkẹ́ kò ra ẹ̀rọ, kò sì rán owó sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ pé yúrò máa gbówó lórí lọ́la ni. Tó bá jèrè, ẹlòmíì ló pàdánù, alágbàtà á sì ti bu tiẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Ẹ ro èrè àti àdánù gbogbo àwọn tó ń ṣe é báyìí pọ̀, á kéré sí òdo. Oko máa ń so, yúrò kì í so. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé "òwò bí òwò yòókù" ni.

Olówò_Òru
Ọdún keje tí mo ti ń ṣe é rèé, mi ò sì tíì fi iṣẹ́ oṣù mi sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù.

Àjọkẹ́, gbogbo ẹni tó ń bi àbúrò ẹ pé "èló lo ti jẹ?" kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Bi í pé èló ló ń gbé. Lot mélòó ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní yúrò kan jẹ́ 1.1000 dọ́là. Odindi lot kan jẹ́ 100,000 yúrò, ìyẹn 110,000 dọ́là. Níbo ni ọmọ tó ní 3,000 á ti rí i? Alágbàtà á ní kó má ṣèyọnu, òun á fi leverage 1:500 gbè é, ìyẹn ni pé dọ́là kan tiẹ̀ á gbé ẹrù 500, kó sáà fi 220 dọ́là dúró. Tí iye yẹn bá kúrò ní 1.1000 tó di 1.1001, pip kan nìyẹn, dọ́là mẹ́wàá sì ni lórí lot kan. Ó wá ṣí lot márùn-ún. 1,100 péré ni wọ́n máa dè mọ́lẹ̀, àkáǹtì á ṣì dà bíi pé àyè wà nínú ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ pip kọ̀ọ̀kan ti di 50 dọ́là. Kí yúrò kàn já pip 60, láti 1.1000 sí 1.0940, 3,000 ti wọmi. Kódà kò ní dé ibẹ̀ tán tí ẹ̀rọ alágbàtà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìdúnàádúrà náà dé fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi margin call kìlọ̀ fún èèyàn.

Pip 60 yẹn kò tó ìdá kan nínú 100 iye owó yúrò. Yúrò lè rìn ín kí ọ̀sán tó pọ́n, láìsí ogun, láìsí ìdìbò, láìsí nǹkan kan.

Báwo lèmi ṣe ń ṣe é? Ká ní 3,000 náà ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní jẹ́ kí ìdúnàádúrà kan ṣoṣo gbà ju ìdá kan nínú 100 lọ, ìyẹn 30 dọ́là. Tí mo bá fi stop loss, ìyẹn ibi tí mo ní kí ẹ̀rọ ti pa ìdúnàádúrà dé tí àdánù bá débẹ̀, sí pip 50, ó túmọ̀ sí pé 60 sẹ́ǹtì ni pip kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́, lot 0.06 nìyẹn. Ó kéré. Ó sú èèyàn. Kò sì ṣe é gbé sórí Instagram.

Ọ̀dọ́_Onímọ̀
Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ má fi ìbẹ̀rù yín pa àlá ọmọ ọlọ́mọ. Forex ni mo fi ń san owó ilé mi. Tẹ́ ẹ bá ní olè ni gbogbo wa, ẹ ò mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó. Bí mo ṣe ra kọ̀ǹpútà tuntun báyìí, ojú burúkú làwọn ará àdúgbò fi ń wò mí, tí mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Olówò_Òru
Àbúrò, mo gbọ́ ẹ, ìyẹn dun èmi náà rí. Àmọ́ dáhùn èyí láìbínú: oṣù mélòó lo ti ń ṣe é, mélòó nínú ẹ̀ lo fi èrè parí, tí o bá sì yọ gbogbo owó tó o ti kó sínú ẹ̀ kúrò nínú gbogbo owó tó o ti gbà jáde, kí ló kù?

Ọ̀dọ́_Onímọ̀
Oṣù 19. Mo fi èrè parí mọ́kànlá. Mo ti gba 6,400 jáde. Mo ti kó...

Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó dáadáa.

Ọ̀dọ́_Onímọ̀
5,950 ni mo ti kó wọlé. Àkáǹtì méjì àkọ́kọ́ tó tán ni mi ò kà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. 450 ló kù, fún oṣù 19. Owó ilé tí mo ní mò ń san, òótọ́ ni, àmọ́ mo rí i báyìí pé owó mi náà ni mò ń gbà padà tí mo fi ń san án.

Aṣírò_Owó
Ọlọ́run á fún ẹ lérè òtítọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ kì í ṣírò ẹ̀ rárá. Àkáǹtì tó kú, wọ́n á gbàgbé ẹ̀, eléyìí tó ń mí ni wọ́n á máa fi han èèyàn.

ÌyáÌbejì_Méjì
Èmi ò mọ pip, mi ò mọ lot. Ohun tí mo mọ̀ ni ọkọ tó ń wo fóònù lórí tábìlì oúnjẹ tí ojú ẹ̀ ń yí padà. Tí ìlà bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Tó bá pupa, ọmọ ò gbọdọ̀ wúkọ́. Owó tó lọ dùn mí, àmọ́ irọ́ tó wà nídìí ẹ̀ ló dùn mí jù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rò pé owó ilé ìwé ṣì wà níbi tá a fi sí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ò sọ fún mi, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbà á padà ni.

Àjọkẹ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò lé lórí ní Sátidé, ẹ má fi ìtìjú dá ọmọ yẹn dúró. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ẹ̀sín, á ṣì ṣe é. Á kàn ṣe é níbi tójú yín ò ti tó o ni.

Olówò_Òru
Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Aago méjì òru ni, ní ọdún kìíní mi. Mo ti pa iná yàrá, mo fi aṣọ bo fóònù kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ má bàa jí ìyàwó mi. Mo ti ta pọ́n-ùn, ìyẹn ni pé tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa jèrè, pọ́n-ùn sì ń gòkè. Mo fi stop loss sí ibi tó yẹ. Nígbà tó kù pip mẹ́ta kó débẹ̀, mo fi àtàǹpàkò wọ́ ọ sókè. Ó tún kù pip mẹ́rin, mo tún wọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kúkú yọ ọ́ kúrò, mò ń sọ sínú pé "ó máa padà wá sílẹ̀, ó máa padà." Ó padà wá sílẹ̀ lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Àkáǹtì mi ti tán láti aago mẹ́rin ìdájí. Ibi tí mo sọ pé pọ́n-ùn máa lọ náà ló lọ, ṣùgbọ́n owó mi ò lè dúró dè é.

Ìdí tí mo fi ń pariwo lot nìyẹn. Àwọn olùkọ́ orí ayélujára á máa kọ́ ọmọ yìí bó ṣe máa mọ ibi tí ọjà ń lọ. Mo mọ ibi tó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Alámòójútó
Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò níbí. Ó ní òun ń ṣe ìdá 30 nínú 100 lóṣù, pé kí Àjọkẹ́ fi 500 dọ́là ránṣẹ́ kí òun bá àbúrò ẹ̀ ṣe é. Òfin ilé wa kò gba ìpolówó. Ẹ má bá irú wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Aṣírò_Owó
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mo fẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, torí ẹnu ló fi dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ìdá 30 lóṣù, tí èèyàn ò bá yọ nǹkan kan, á sọ 1,000 dọ́là di 23,000 àti díẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní mílíọ̀nù 12. Ẹni tó bá ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, kí ló ń fi 500 Àjọkẹ́ ṣe?

Ará_Ìwé_Àtijọ́
Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì ti ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pàṣípààrọ̀ owó látìbẹ̀rẹ̀. Charles Ponzi, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe irú jìbìtì yìí dòní, ohun tó sọ fún àwọn ará Boston ní 1920 ni pé òun ń ra kúpọ́ọ̀nù lẹ́tà nílẹ̀ tí owó wọn ti jábọ́, bí Ítálì, òun á sì fi gba sítáǹbù ní Amẹ́ríkà níbi tó ti níye lórí jù. Ó ṣèlérí ìdá 50 láàárín ọjọ́ 45. Kúpọ́ọ̀nù náà wà lóòótọ́, ìyàtọ̀ iye owó náà wà lóòótọ́. Ohun tí kò sí ni òwò. Owó ẹni tó dé lónìí ló ń san fún ẹni tó dé lánàá.

Ẹ̀gbọ́n àgbà ilé Àjọkẹ́ tó ń pariwo jìbìtì, irú èyí ló ti rí. Kò ṣi wí, ó kàn kó gbogbo wọn mọ́ra ni.

TóTiJóná
Ẹ jẹ́ kí èmi sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹnì kan ní òun á bá mi bójú tó àkáǹtì. Ó fi ìkànnì kan ránṣẹ́ tó dára lójú ju ti báńkì lọ. Mo fi 400 sí i, lọ́sẹ̀ kan ó ti di 690. Mo ní kí n dán an wò, mo gba 100 jáde, ó sì wọlé sí báńkì mi. Ohun tó pa mí gan-an ni 100 yẹn. Mo wá kó 2,500 sí i. Nígbà tó fi máa di 9,000 lójú ìkànnì, mo ní mo fẹ́ gba owó. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó orí, ìdá 15. Mo san án. Wọ́n ní ó ku owó ìfìdímúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú mi là.

Kò sí alágbàtà gidi tó máa ní kí o fi owó mìíì ránṣẹ́ kó tó fún ẹ ní owó ẹ. Tí wọ́n bá ní owó kan kù tó o máa san, inú èyí tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n ti yọ ọ́. Tí wọn ò bá lè yọ ọ́ níbẹ̀, kò sí owó níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíì kàn sí mi pé àwọn lè bá mi gba owó náà padà, kí n san owó iṣẹ́ díẹ̀. Ó mọ orúkọ mi, ó mọ iye tí mo pàdánù. Mo jókòó, mo ronú: ta ló lè sọ iye yẹn fún un bí kò ṣe àwọn tó kó o?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin
Pẹ̀lẹ́ o. Àwọn kan tún máa ń jí orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ gidi kọ sójú ìkànnì ayédèrú. Nítorí náà, kí èèyàn má kàn rí nọ́ńbà kó ní ó ti tán. Ẹ lọ sí ìkànnì àjọ tó fún wọn láṣẹ gan-an, bí FCA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí NFA ní Amẹ́ríkà, ẹ wá orúkọ náà níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì ìkànnì tí àjọ náà kọ bá èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín mu.

Ọ̀rọ̀ 1:500 tí Olówò_Òru mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí n fi òfin tì í lẹ́yìn. Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń bójú tó ọjà owó ní Yúróòpù, sọ pé láàárín ìdá 74 sí 89 nínú 100 àkáǹtì àwọn oníbàárà kékeré ló ń pàdánù nínú irú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní CFD, níbi tí èèyàn ti ń jèrè tàbí pàdánù lórí bí iye nǹkan ṣe ń yí láìra nǹkan náà fúnra ẹ̀, èyí tí forex orí ayélujára wà lára ẹ̀. Wọ́n wá dín leverage kù sí 1:30 fún àwọn owó ńlá. Amẹ́ríkà kò gbà ju 1:50 lọ, Japan kò gbà ju 1:25. Ọsirélíà náà fà á wálẹ̀ sí 1:30 ní 2021. Alágbàtà tó bá ń fún ọmọ yìí ní 1:500, ẹ bi í pé abẹ́ òfin orílẹ̀-èdè wo ni àkáǹtì náà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀ka kan ní erékùṣù kékeré kan ló máa já sí, bí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà tiẹ̀ lókìkí.

Òfin Yúróòpù yẹn ló tún mú kí àwọn alágbàtà máa kọ ìdá àwọn oníbàárà wọn tó ń pàdánù sójú ìkànnì. Ẹ yí i wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́. Àjọkẹ́, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fúnra ẹ̀ kà á sókè lójú bàbá yín.

BàbáOlùkọ́_TóFẹ̀yìntì
Ìdá 74 sí 89. Tẹ́tẹ́ gan-an á tijú.

Olówò_Òru
Hahaha, Bàbá, ẹ ṣeun.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ kí Yúróòpù tó ṣòfin yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án 2011, báńkì àpapọ̀ Switzerland sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kí yúrò kan wálẹ̀ kọjá fráǹkì 1.20. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi dì í mú. Àwọn èèyàn gbà pé ilẹ̀ tó le ni, wọ́n ń fi ẹrù ńlá lé e lórí, wọ́n ní tí yúrò bá ti sún mọ́ 1.20, ká rà á, kò lè jábọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2015, láìkìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni, báńkì náà yọ ọwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yúrò ti kọjá sí ìsàlẹ̀ fráǹkì kan. Àwọn tó fi stop loss sí 1.19 kò rí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn ní 1.19. Ibi tí wọ́n ti rí oníbàárà jìnnà sílẹ̀ gan-an. Àwọn kan jí, wọ́n bá gbèsè nínú àkáǹtì dípò owó. Alágbàtà ńlá míì wó lulẹ̀ tàbí kó sáré wá ẹni tó máa yá a lówó.

Nítorí náà stop loss dára, mi ò sì lè ṣe é láìsí i, àmọ́ kì í ṣe ògiri. Ẹ wò ó bóyá alágbàtà náà ṣèlérí pé àkáǹtì kò ní lọ sísàlẹ̀ òdo.

Aṣírò_Owó
Nǹkan kékeré kan tí wọ́n máa ń gbójú fò: spread, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín iye tí alágbàtà ń tà àti iye tó ń rà. Ká ní pip 1.5 ni. Tí ọmọ náà bá ń ṣe ìdúnàádúrà 20 lójúmọ́ pẹ̀lú lot 0.1, dọ́là kan ni pip kọ̀ọ̀kan, 30 dọ́là ti lọ lójúmọ́ kó tó jèrè, kó tó pàdánù. Ọjọ́ 20 tí ọjà ṣí lóṣù, 600 nìyẹn. Ìdá 20 nínú 100 owó ẹ̀. Ó ní láti jẹ tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àjọkẹ́_Aránṣọ
Ẹ̀yin ará, orí mi ń yí, àmọ́ mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan: demo tó fi sọ 10,000 di 41,000 ńkọ́? Òun lẹ́rìí tó ń gbé kiri. Kò jẹ́ ká rímú mí.

Olówò_Òru
Ẹ̀rí yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Kò sẹ́ni tó ń fi lot kékeré sọ 10,000 di 41,000 lóṣù méjì. Ẹ ní kó ṣí ibi tí wọ́n ń kọ ìtàn àkáǹtì sí, kó wo òpó tí wọ́n kọ lot sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ máa rí 5, 8, 10 níbẹ̀. Pẹ̀lú lot 8, 80 dọ́là ni pip kan, pip 125 péré ló wà láàárín òun àti òfo nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì yẹn ṣe é lóore. Òmíràn kò ní ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkàn èèyàn kì í lù fún owó demo. Ẹ bi í bóyá ó sùn dáadáa lóṣù méjì yẹn. Ó sùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ́_Onímọ̀
Anti Àjọkẹ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí èmi àti ẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ má sọ pé kó má ṣe é. Ẹ ní kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń retí owó oúnjẹ látinú ọjà máa ṣí ìdúnàádúrà lọ́jọ́ tí kò yẹ kó ṣí i. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù, ibẹ̀ sì ni àkáǹtì méjèèjì tó kú ti kú.

Àjọkẹ́_Aránṣọ
Mo ti padà dé o. Sátidé ti kọjá, ẹ máa bínú pé mo pẹ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, bá a ṣe rò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan ṣoṣo. Mo ní, "Ṣí ìtàn àkáǹtì ẹ, ka lot fún wa." Ó wò mí bíi pé èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀. Ó kà á: 6, 6, 8, 8, 12. Ẹ̀gbọ́n wa bi í pé kí ló ń jẹ́ lot, òun fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó mú bíírò, ó ń ṣírò ẹ̀ fún wa lórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Nígbà tó dé ibi tí 12 ti di 120 dọ́là fún pip kan, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò gbà pé òun ṣàṣìṣe o. Ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun máa dín in kù tó bá di owó gidi.

A ò fẹnu kò tán. Bàbá ṣì ní tẹ́tẹ́ ni. Ohun tí àbúrò mi gbà ni pé òun ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, 200 lòun máa fi sí i, 2,800 á wà níbi tó wà. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn, àmọ́ inú ń bí i sí mi, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Àná ló fi fọ́tò ìwé àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́, láìkí mi, láìsọ nǹkan kan. Ìdúnàádúrà 14, lot 0.01 ni gbogbo ẹ̀. Ó pàdánù nínú mẹ́sàn-án. Ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ bóyá kí n ka spread mọ́ ọn."

Aṣírò_Owó
Kó kà á mọ́ ọn. Kó fún un ní òpó tiẹ̀ lọ́tọ̀, lápá ọ̀tún, kó máa ro ó pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Olówò_Òru
Ẹ sọ fún un pé kó fi òpó kan kún un: aago tó ṣí i. Tó bá rí aago méjì òru níbẹ̀, kó kàn sí mi.